Kámẹ́rà Kan fún Ìyàwó Méjì

Ẹ̀yin èèyàn mi, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí ẹní àti ẹ̀yin tí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń sá fún òjò, àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá gbogbo wa. Ẹ sún síwájú. Ààyè wà. Wáàsí kì í bu èèyàn jẹ.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn ni, àti ọ̀rọ̀ déédéé. Ọlọ́hun ní ká ṣe déédéé láàárín àwọn tó wà lábẹ́ wa. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Àwọn ọkùnrin wa tiẹ̀ mọ̀ ọ́n ju bó ti yẹ lọ, torí bí wọ́n bá fẹ́ gbé ìyàwó kejì wọlé, wọ́n á ti kà á sórí bí ẹni fẹ́ lọ dáhùn ìbéèrè níwájú àfáà. Ṣùgbọ́n mo ń bi yín: bí èèyàn bá mú ọsàn kan, tó gbé e fún ẹni méjì, tó ní kí wọ́n máa gbà á mu lọ́wọ́ ara wọn, ṣé déédéé nìyẹn? Ẹ dá mi lóhùn! Àbí ahun ni, tó wọ ẹ̀wù ẹ̀sìn? Ẹ̀wù ẹ̀sìn gbòòrò o. Nǹkan púpọ̀ ló lè bò mọ́ ọmọ aráyé lójú. Kò bo nǹkan kan mọ́ Ọlọ́hun Ọba lójú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọkùnrin kan fún yín. N kò ní í purọ́ pé n kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ní Ìwó níbí. Nínú agboolé wa, a ò bí ẹnì kan tí n kò mọ orúkọ ìyá tó bí ìyá rẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé etí ọ̀nà ni mo ti gbọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n máa sọ ọ́. Ó ní bí ojú bá ti òun díẹ̀ síi láyé, bóyá yóò dín kù lọ́run.

Kàráámọ̀ lorúkọ rẹ̀, pákó ló ń tà. Ìsọ̀ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Òṣogbo, ó kún fún ìrókò, ó kún fún àfàrà. Ọlọ́hun ṣe é lóore. Ìrun kan kì í fò ó, ààwẹ̀ kan kì í yẹ̀ lórí rẹ̀. Bí ọdún Iléyá bá dé, àgbò rẹ̀ a ga débi pé àwọn ọmọ àdúgbò á máa wá wò ó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ Kàráámọ̀ dáadáa, ẹ dúró títí nǹkan yóò fi kan ìnáwó inú ilé. Ìgbà yẹn ló máa ń rántí gbogbo òfin ṣàríà. Bí ìyàwó kan bá ní bàtà òun já, yóò mi orí, yóò ní, "Bí mo bá ra tìrẹ, mo gbọ́dọ̀ ra ti èkejì rẹ. Èmi kò lè fi ẹ̀gbẹ́ kan wọ́lẹ̀ lọ síwájú Ọlọ́hun lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀." Kò sì ní í ra ti ẹnì kankan. Àwọn méjèèjì á jọ máa wọ́ bàtà jíjá lọ sọ́jà. Ẹ ò rí déédéé bí?

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá wí kò ní í rẹ́rìn-ín, a ó sì mọ̀ ọ́n.

Ìyàwó méjì ló ní. Mọ́nsúrátù ni ìyáálé, òun ni wọ́n ń pè ní Ìyá Kúdí, obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó jẹ́ pé ẹ ní láti sún mọ́ ọn kí ẹ tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Ràfátù ni ìyàwó kékeré, Ìyá Nímọ́, ọmọ Ṣakí, ó yá lọ́wọ́, ó yá lẹ́nu.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, fóònù ọwọ́ wa kò tíì mọ àwòrán yà bó ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Ní ọjọ́ kan, òkìtì pákó yẹ̀, ó wó lu Kàráámọ̀ lẹ́sẹ̀, egungun ojúgun rẹ̀ sì dá. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀. Ìyá Kúdí ló ń gbé e dìde. Òun ló ń bu omi àlùwàlá sí i lọ́wọ́, òun ló ń bá a da ohun tí kò ṣe é dárúkọ nínú wáàsí nù, kò sì yínmú rí. Ìyá Nímọ́ ní tirẹ̀ bọ́ sí ìsọ̀. Láti òwúrọ̀ títí di ìrun Mọ̀gàríbì, òun ló ń ta pákó nínú oòrùn, láàárín àwọn káfíńtà tí ẹnu wọn kò mọ́, kò sì jẹ́ kí ọjà kú.

Ọjọ́ tí Kàráámọ̀ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró kírun, inú rẹ̀ dùn débi pé omi lé sí i lójú. Bó ti sálámà tán, ó pe Ìyá Kúdí.

"Mọ́nsúrátù, ohun tó bá wù ọ́ láyé yìí, dárúkọ rẹ̀. Mo fi Ọlọ́hun ṣe ẹlẹ́rìí, n ó rà á fún ọ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ máa ṣọ́ ẹnu yín nígbà tí inú yín bá dùn!

Ìyá Kúdí wolẹ̀ díẹ̀. "Bàbá Kúdí, kámẹ́rà ni mo fẹ́. Èyí tí kì í lo fíìmù, tí èèyàn máa ń rí àwòrán lẹ́yìn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀."

"Kámẹ́rà kẹ̀? Ṣé o fẹ́ di oní-fọ́tò lọ́jọ́ ogbó ni?"

"Ó ní nǹkan tí mo fẹ́ yà ni."

Ṣé ó bi í pé kí ni nǹkan ọ̀hún? Kò bi í. Ọkàn rẹ̀ ti wà lọ́jà, ó ti ń ná an.

Bẹ́ẹ̀ nǹkan náà kì í ṣe eré. Ẹ̀gbọ́n bàbá Ìyá Kúdí kan wà láyé, obìnrin, Ìyá Àgbà Sínátù. Òun ló gba Ìyá Kúdí tọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú tó fi í sílẹ̀ lọ́mọ ọwọ́. Arúgbó náà ti ń sún mọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún, kò sì sí àwòrán rẹ̀ kan ṣoṣo lórí ilẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé, àfáà àtijọ́ ni, ó gbà pé hárámù ni kí èèyàn ya àwòrán ohun ẹlẹ́mìí. Ìyá Àgbà pa òfin ọkọ rẹ̀ mọ́ títí ọkọ fi kú, ó sì tún ń pa á mọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bí oní-fọ́tò bá yọ níbi ìsọmọlórúkọ, Ìyá Àgbà á fa ìborùn bojú. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà nílẹ̀ òkèèrè ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, wọn kò mọ ojú rẹ̀. Ohun tó ń jẹ Ìyá Kúdí lọ́kàn nìyí: pé lọ́jọ́ tí arúgbó yìí bá jẹ́ ìpè Ọlọ́hun, ojú tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí òun láyé á wọlẹ̀ pátápátá.

Ìròyìn kì í pẹ́ nínú ilé olórogún. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti dé ìsọ̀ pákó.

"Bàbá," Ìyá Nímọ́ wí, "mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ ra ẹ̀bùn fún ìyáálé mi. Ó tọ́ sí wọn. Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ náà wà níbẹ̀."

"Níbo?"

"Nínú kámẹ́rà ọ̀hún."

"Kí n wọnú rẹ̀ ni?"

"Ti ẹ̀yin méjèèjì ni," Kàráámọ̀ dáhùn. "Ẹni tí oúnjẹ bá kàn, òun ni kámẹ́rà kàn. Ọjọ́ mẹ́ta fún un, ọjọ́ mẹ́ta fún ọ. Bí ẹ ṣe ń pín mi náà ni ẹ ó máa pín in."

Ìyá Nímọ́ wò ó títí. "Ọlọ́hun á jẹ́ kó kárí," ó wí, ó sì padà sídìí pákó rẹ̀.

Kàráámọ̀ kò gbọ́ èébú tó wà nínú àdúà yẹn. Inú rẹ̀ ń dùn. Ìlérí tó ṣe fún ìyáálé, yóò mú un ṣẹ. Déédéé tí Ọlọ́hun pa láṣẹ, yóò ṣe é. Ohun kan ṣoṣo ni yóò sì rà. Ó tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun tó fún òun ní irú làákàyè bẹ́ẹ̀.

Ó wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, ó dé Dùgbẹ̀, ó wọ ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sàkíbù. Ẹ fi ọkàn sí Sàkíbù yìí. Ọlọ́jà tó bẹ̀rù Ọlọ́hun kò pọ̀ mọ́, bí a bá rí ọ̀kan, ẹ jẹ́ ká dárúkọ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Àlájì. Ta lẹ fẹ́ rà á fún?"

"Ìyàwó mi."

"Alihamudu lilahi! Irú yín kò wọ́pọ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ máa yà?"

"Àwòrán."

Sàkíbù gbé ẹ̀rín mì. "Àwòrán kí ni, sà? Ọmọdé tó ń sáré kiri ni, àbí àgbà tó jókòó? Inú ilé ni àbí ìta gbangba?"

"Ṣé kámẹ́rà máa ń mọ ìyàtọ̀ ni?"

"Ó ń mọ̀ ọ́n, sà. Èyí tó dára nínú oòrùn lè máà ríran nínú yàrá. Ojú wọn ńkọ́? Ṣé wọ́n lè ka ìwé tó kéré? Ọwọ́ wọn kì í gbọ̀n?"

Ọgbọ̀n ọdún ni Kàráámọ̀ àti Ìyá Kúdí ti jọ ń gbé. Ó gbìyànjú láti rántí ojú rẹ̀. Ó rántí pé bó bá fẹ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn, ṣe ló máa ń na ọwọ́ tó gbé e dání jìnnà réré. Àbí Ìyá Nímọ́ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀? Kò dá a lójú.

"Obìnrin ni," ó wí níkẹyìn. "Ojú obìnrin ni ojú rẹ̀."

Sàkíbù gbé kámẹ́rà dúdú kan síwájú rẹ̀. Kò dán, kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀yìn rẹ̀ tóbi, bọ́tìnì rẹ̀ sì hàn ketekete. "Bó bá jẹ́ ìyá tó bí mi ni, èyí ni mo máa rà fún un."

Ojú Kàráámọ̀ ti lọ síbòmíràn. Kámẹ́rà pupa kan wà nínú dígí, ó ń dán bí ẹni fi òróró pa á lára, owó rẹ̀ kò sì tó ti dúdú. "Pupa yẹn ńkọ́?"

"Ó dán lóòótọ́, sà. Àmọ́ bọ́tìnì rẹ̀ kéré bí ẹyin eèrà. Káàdì inú rẹ̀ náà kéré. Káàdì yẹn ni ikùn rẹ̀. Bí àwòrán bá ti pé ogójì, ó yó nìyẹn. Ẹ bá wọn ra káàdì ńlá kan kún un."

"Kí wọ́n máa yà á díẹ̀díẹ̀. Àwọn méjèèjì á mọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é."

Ọwọ́ Sàkíbù dúró. "Àwọn méjèèjì, sà?"

"Àwọn ìyàwó mi. Wọ́n á jọ máa lò ó ni. Déédéé."

"Ìyàwó méjì, kámẹ́rà kan, káàdì kan? Ẹ jọ̀ọ́, Àlájì. Ẹ tiẹ̀ ra káàdì kejì, kí kálukú ní tirẹ̀, kí wọ́n má baà máa rìn lórí àwòrán ara wọn."

"Ìwọ ọmọkùnrin yìí, o mọ ọjà tà o," Kàráámọ̀ wí, ó rẹ́rìn-ín, ó yọ owó kámẹ́rà pupa sílẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ wò ó, Ọlọ́hun a máa rán ìkìlọ̀ sí wa. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń gba ẹnu lẹ́mọ́mù wá. Nígbà mìíràn, ẹnu ọlọ́jà ló ń gbà wá, àwa a sì rò pé ó fẹ́ jẹ wá lówó.

Nígbà tó délé, ó pe àwọn ìyàwó rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí àwọn méjèèjì jọ di kámẹ́rà náà mú, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ó sì ṣe àdúà lé e lórí. Àdúà náà gùn. Ìyá Nímọ́ yọjú wo ìyáálé rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, ó ní, "Ìyáálé mi, ẹ má jù ú sílẹ̀ o, ìdajì mi ló máa fọ́."

Bó bá kan Ìyá Kúdí, a gbé kámẹ́rà sínú ìborùn, a forí lé ilé Ìyá Àgbà. Ọjọ́ àkọ́kọ́, arúgbó náà gbọ́ ìró rẹ̀, ó fi oríkì pe Ìyá Kúdí.

"Àjíkẹ́, kí ló dún lọ́wọ́ rẹ yẹn?"

"Kámẹ́rà ni, Ìyá."

"Gbé e jìnnà sí mi. Bí ọkọ mi bá bi mí lọ́run, ìwọ ni màá nawọ́ sí."

Ìyẹn kò dá a dúró. Bó bá lọ lónìí, a tún lọ nígbà tó bá tún kàn án. Ní àkókò yẹn, a máa fi kámẹ́rà kọ́ ọwọ́: ó ya ìkòkò, ó ya ògiri, ó ya ẹsẹ̀ ara rẹ̀ láìmọ̀. Ó tọ lẹ́mọ́mù àdúgbò lọ, lẹ́mọ́mù sì wá bá Ìyá Àgbà jókòó, ó ní àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n àwòrán tí a kò ní í forí balẹ̀ fún, tí a ó kàn fi rántí ara wa, òun kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Ó di Jímọ̀ kẹrin kí Ìyá Àgbà tó pe Ìyá Kúdí mọ́ra.

"Àjíkẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fún ọ. Bó bá dára, Ọlọ́hun ló ṣe é. Bí kò bá dára, má ṣe padà wá."

Ó ti ìborùn kúrò níwájú orí, ó gbé ojú sókè. Ìyá Kúdí wá bọ́tìnì náà títí, ojú rẹ̀ kò rí i. Níkẹyìn ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó wo ẹ̀yìn rẹ̀, Ìyá Àgbà nìyẹn, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú eyín méjì tó kù lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Kúdí sunkún dé ilé. Ó ní lọ́jọ́ Túsìdeè, nígbà tó bá tún kan òun, òun á gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ sórí pépà.

Ọjọ́ kejì, Sátidé, oúnjẹ kan Ìyá Nímọ́. Kámẹ́rà bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Nímọ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ ká eyín iwájú ni, ìyá rẹ̀ sì fẹ́ ya ẹnu ọmọ náà kó fi ránṣẹ́ sí ìyá àgbà tirẹ̀ ní Ṣakí. Kámẹ́rà kọ̀. Ó tọ ọkọ rẹ̀ lọ ní ìsọ̀, níbi tí òun àti oníbàárà kan ti ń jà lórí ìrókò.

"Bàbá, ó ní òun ti yó."

"Pa àwọn kan rẹ́ níbẹ̀."

"Èwo?"

"Èyí tí o kò bá mọ̀! Ṣé èmi náà ni n ó tún bá ọ ka ìkòkò àti ògiri ni?"

Ìyá Nímọ́ wò ó, ìkòkò ló rí lóòótọ́, ògiri ló rí, ẹsẹ̀ ló rí. Kò wò ó dé òpin. Ó tẹ bọ́tìnì bí ẹyin eèrà yẹn, kámẹ́rà bi í ní ìbéèrè kan, ó tún un tẹ̀. Gbogbo rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ya ẹnu Nímọ́ láti ọ̀tún, ó yà á láti òsì, títí káàdì náà fi tún yó.

Ní ọjọ́ Túsìdeè, Ìyá Kúdí lọ gba kámẹ́rà, kó lè gbé e lọ tẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ilé ìdáná, ó ń tẹ bọ́tìnì, ẹnu Nímọ́, ẹnu Nímọ́, ẹnu Nímọ́. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí Kàráámọ̀ ti ń fọwọ́ kó tó jẹun.

"Ìyá Nímọ́, ìyá mi dà?"

"Ìyá wo, ìyáálé mi?"

"Ìyá Àgbà. Ojú wọn wà níbí lọ́jọ́ Jímọ̀."

Ìyá Nímọ́ gba kámẹ́rà, ó wò ó, ọ̀rọ̀ náà sì yé e. Orúnkún rẹ̀ kan ilẹ̀. "Wàláhì, ìyáálé mi, n kò rí wọn. Mo rò pé ìkòkò ni gbogbo rẹ̀. Mo bi Bàbá. Bàbá ní kí n pa èyí tí n kò mọ̀ rẹ́."

Àwọn méjèèjì yí ojú sí ọkọ wọn. Kàráámọ̀ gbé ọwọ́ tó tutù dúró lójú afẹ́fẹ́. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ wọn, kò tíì rí i kí àwọn méjèèjì fi irú ojú kan náà wo òun. Ìyẹn gan-an ni déédéé àkọ́kọ́ tó wọ ilé náà.

"Kò le tó bẹ́ẹ̀," ó wí. "Ṣebí o kàn máa tún wọn yà ni."

"Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n fún mi," Ìyá Kúdí wí, ó sì wọ yàrá lọ.

Kàráámọ̀ kò lè jẹ oúnjẹ yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó yọ dáadáa, ó ti wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Sàkíbù fi káàdì náà sínú kọ̀ǹpútà, ó ń wá a láti òwúrọ̀ títí di ìrun Àsárì. Kò rí i.

"Àwọn àwòrán tí wọ́n yà lẹ́yìn rẹ̀ ti bò ó mọ́lẹ̀, sà," ó wí. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà lẹ́nu rẹ̀ nípa káàdì kejì, Kàráámọ̀ sì rí i níbi tó ti ń gbé e mì. Ìgbémì yẹn dùn ún ju kí ó sọ ọ́ lọ.

Nínú ọkọ̀ tó gbé e padà bọ̀, ìbéèrè tí Sàkíbù bi í lọ́jọ́ kìíní ń pa dà sí i létí. Ta ló fẹ́ rà á fún? Kí ló fẹ́ yà? Ojú rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí, tó wà ní ìlú mìíràn, ló bèèrè ojú ìyàwó òun lọ́wọ́ òun. Bó ti délé, ó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn obìnrin méjèèjì, lórí ẹní.

"Ìyá Kúdí, kí lo fẹ́ fi kámẹ́rà ṣe?" Obìnrin náà sọ fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó kọjú sí èkejì. "Ìwọ ńkọ́? Irú kámẹ́rà wo ni ìwọ fẹ́?"

"Èmi?" Ìyá Nímọ́ wí. "Ta ló sọ fún yín pé mo fẹ́ kámẹ́rà? Mo ní èmi ńkọ́, ẹ ní mo wà nínú rẹ̀. Ṣakí ni mo fẹ́ lọ. Ọdún méjì àbọ̀ nìyí, n kò fojú kan ìyá tó bí mi. Ọjọ́ mẹ́jọ péré ni mo fẹ́."

"Owó ọkọ̀ lásán?"

"Owó ọkọ̀, àti kí ẹ̀yin fúnra yín dúró ti pákó fún ọjọ́ mẹ́jọ."

Kàráámọ̀ fi ọwọ́ bojú. Ẹ̀yin ọkùnrin, ṣé ẹ gbọ́? Ohun tó ń sá fún láti ná, obìnrin yẹn kò tilẹ̀ bèèrè rẹ̀. Ahun a máa náwó lọ́nà méjì, torí pé kò fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ bèèrè ọ̀rọ̀ kan.

"Wàá lọ," ó wí. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ bẹ Ìyá Àgbà," Ìyá Nímọ́ dáhùn. "Ọwọ́ mi ló pa wọ́n rẹ́. Ibi tí ẹ bá ti ń kúnlẹ̀, mo ń bẹ níbẹ̀."

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lọ, Kàráámọ̀ mú Ìyá Kúdí lọ sí Ìbàdàn. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Obìnrin náà ló ń gbé kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan wò, ó ń fi àtàǹpàkò wá bọ́tìnì láìwò ó. Dúdú tí kò dán yẹn ló mú. Sàkíbù gba pupa padà, ó ṣírò rẹ̀ mọ́ ọn, Kàráámọ̀ sì ní kó fi káàdì ńlá méjì kún un. Wọn kò mọ̀ bóyá arúgbó náà á gbà. Wọ́n kàn rà á ni.

Àárọ̀ Jímọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé iwájú ilé Ìyá Àgbà. Ó jókòó síta lórí àpótí, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Kàráámọ̀ na gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀, bí àna ti í dọ̀bálẹ̀ fún àna, tòun ti ẹsẹ̀ tó ń ro ó.

"Ta ló bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn?"

"Kàráámọ̀ ni, Ìyá. Ọkọ Àjíkẹ́."

"Dìde, kí ẹsẹ̀ má tún dá. Ta ló máa tún gbé ọ fún oṣù mẹ́ta?"

"Màá sọ̀rọ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, Ìyá. Èmi ni mo ba àwòrán yín jẹ́. Ahun ló mú mi. Mo pe ahun náà ní déédéé."

Arúgbó náà dá tẹ̀sùbáà dúró. "Tún un pè."

"Ahun ni, Ìyá."

"Hẹn-ẹn. Ọkùnrin tó bá mọ orúkọ àìsàn tó ń ṣe é, kò ní í ra oògùn ibà fún inú rírun. Ta ló wá ni kámẹ́rà ọ̀hún báyìí?"

"Àjíkẹ́ ló ni ín. Òun nìkan."

Ìyá Nímọ́ kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ tirẹ̀. Ìyá Kúdí dúró lẹ́yìn, ó di kámẹ́rà mọ́ àyà. Ìyá Àgbà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka tẹ̀sùbáà rẹ̀. Ẹ̀rù ba Kàráámọ̀. Ó wo ojú arúgbó náà, ojú tó ti ń rí láti ọgbọ̀n ọdún tí kò jókòó wò rí, ó rí ilà tó wà níbẹ̀, ó rí bó ti jọ ojú Mọ́nsúrátù lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó mọ̀ lọ́jọ́ náà ohun tí òun ti ní kí wọ́n pa rẹ́.

"Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fún Àjíkẹ́," Ìyá Àgbà wí. "Mo sọ ọ́, mi ò ní í kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Tirẹ̀ ti tán."

Ìyá Kúdí tẹrí ba. "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Dúró, mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán. Ṣebí ìyàwó méjì ló wà nínú ilé yẹn? Bí mo bá fún ìyáálé, ṣé kò yẹ kí n fún ìyàwó? Àbí ẹ̀yin nìkan lẹ mọ déédéé? Ìyá Nímọ́, ìwọ kò tíì gba ẹ̀ẹ̀kan tìrẹ."

Ìyá Nímọ́ bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú. "Mo gbà á, Ìyá! Mo sì fi í ta ìyáálé mi lọ́rẹ."

"Tìrẹ ni. Ohun tó bá wù ọ́ ni kó o fi ṣe."

Ìyá Nímọ́ fa ìyáálé rẹ̀ wá, ó fi í jókòó ti Ìyá Àgbà, ejìká kan ejìká, ó sì gba kámẹ́rà láti bá wọn yà á. Ṣùgbọ́n oòrùn ti yọ, ó kọjú sí arúgbó náà, kò lè la ojú. Kàráámọ̀ sáré wọlé, ó mú agboòrùn jáde, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó nà án lé wọn lórí.

"Bàbá, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ ń dí mi," Ìyá Nímọ́ wí. "Ẹ tún sún. Ó tó. Ẹ má mì."

Ìyá Nímọ́ lo ọjọ́ mẹ́jọ rẹ̀ ní Ṣakí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ní ti àwòrán yẹn, ó ń bẹ ní pálọ̀ wọn di òní. Àwọn ọmọ òkèèrè gba tiwọn. Mo ti rí i, gbogbo ẹni tó bá wọ ilé náà ń rí i. Arúgbó kan ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú eyín méjì. Obìnrin kan fara tì í bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Lókè orí wọn, ọwọ́ ọkùnrin kan wà tó di agboòrùn mú. Ọwọ́ nìkan ló wọ inú àwòrán. Ojú ẹni tó ni ọwọ́ kò sí níbẹ̀. Bí àlejò bá bi Kàráámọ̀ pé ọwọ́ ta nìyẹn, a ní, "Ọwọ́ ẹnì kan tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fúnni ní nǹkan ni."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbé relé nìyẹn. Ẹ̀bùn kì í ṣe ohun tí a rà, bí kò ṣe ẹni tí a rà á fún. Déédéé kì í ṣe ká gé nǹkan kan sí méjì, bí kò ṣe ká ka ẹni méjì sí ẹni méjì. Bí ẹ bá fẹ́ fún aya yín ní nǹkan, ẹ bi í. Ẹ̀yin obìnrin náà, bí ẹ bá fẹ́ fún ọkọ yín, ẹ bi í. Ìbéèrè kò ní iye kankan lọ́jà, síbẹ̀ òun ni a máa ń ṣahun rẹ̀ jù.

Ẹ la ọwọ́. Ọlọ́hun Ọba, Ìwọ tí o ń fún wa láì jẹ́ ká rí Ọ, kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń fúnni. Ahun tó wọ ẹ̀wù ẹ̀sìn nínú wa, bọ́ ẹ̀wù náà lára rẹ̀, kí a lè dá a mọ̀ kó tó ba ilé wa jẹ́. Àwọn àgbà tó kù fún wa, jẹ́ kí a mọ ojú wọn nígbà tí wọ́n ṣì ń rí tiwa. Àwọn olórogún tó wà láàárín wa, fi ìfẹ́ sáàárín wọn. Ibi tí a bá sì ti ṣe àṣìṣe, má jẹ́ kó ti tán fún wa. Ràn wá lọ́wọ́ kí a lè tún un ṣe, pẹ̀lú àlùbáríkà.

Àmín. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, n kò gbọ́ tiyín.

Àmín.